Ogún Bàbá Kan ní Ìdí-Abà: Ọdún Mẹ́sàn-án Ìṣirò

Oṣù kẹta ọdún 2016 ni bàbá náà kú lójijì. Òṣìṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ ni, Abẹ́òkúta ló ti ń ṣiṣẹ́, ó sì ti kọ́lé sí Ìdí-Abà. Kò kọ ìwé ìhágún. Ìyàwó méjì ló fẹ́, méjèèjì ní ìlànà ìbílẹ̀: wọ́n dáná, wọ́n san owó orí, ẹbí méjèèjì sì jẹ́rìí sí i. Ìyálé bí ọmọ mẹ́ta, gbogbo wọn ti dàgbà kí bàbá wọn tó kú. Ìyàwó kékeré bí méjì: obìnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà náà, àti ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún 9.

Torí àwọn méjì ìkẹyìn yìí ni mo ṣe ń kọ èyí. Ẹ̀tọ́ wọn nínú ogún bàbá wọn kò kéré sí ti àwọn ẹ̀gbọ́n wọn, ṣùgbọ́n wọn ò lè jókòó nípàdé ẹbí kí wọ́n dá sí ọ̀rọ̀, wọn ò lè buwọ́ lu ìwé, wọn ò sì lè bi àgbàlagbà kan pé owó àwọn dà. Mo wà lára àwọn tó ń tọ́jú ìwé ìṣirò ní ọ́fíìsì ìjọba tí ọ̀rọ̀ wọn já sí. Mo ti yí àwọn ohun díẹ̀ padà kí ẹnikẹ́ni má baà fi í dá ẹbí náà mọ̀. Ohun tí iṣẹ́ náà kọ́ mi ni mo fẹ́ sọ: ìwé àṣẹ ilé ẹjọ́ nìkan kì í ṣọ́ ogún ọmọdé. Ìṣirò tí wọ́n bá ń ṣe lọ́dọọdún, lójú gbogbo ẹni tọ́rọ̀ kàn, ló ń ṣọ́ ọ.

Ohun tó fi sílẹ̀

Ilé Ìdí-Abà ló tóbi jù níbẹ̀: yàrá mẹ́jọ, àti ṣọ́ọ̀bù méjì tó kọjú sí títì. Ẹbí ń gbé apá kan, ayálégbé ń gbé apá kejì. Ilẹ̀ púlọ́ọ̀tì kan wà lọ́nà Ọ̀dẹ̀dá, tí kò ní ìwé kankan ju ìwé àdéhùn tí àwọn ẹbí tó ta ilẹ̀ buwọ́ lù fún un. Owó wà ní bánkì méjì. Owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ wà lọ́dọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń bá a tọ́jú rẹ̀. Ìdójútòfò ẹ̀mí náà wà, nítorí òfin owó ìfẹ̀yìntì ti ọdún 2014 sọ ọ́ di dandan fún agbanisíṣẹ́ láti ra irú rẹ̀ fún òṣìṣẹ́, iye rẹ̀ kò sì gbọdọ̀ dín ní ìlọ́po mẹ́ta àpapọ̀ ohun tí òṣìṣẹ́ náà ń gbà lọ́dún. Ó ní owó nínú ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù níbi iṣẹ́ rẹ̀, ó sì jẹ ẹgbẹ́ náà ní gbèsè díẹ̀.

Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ló kọ́kọ́ dìde sí ọ̀rọ̀ owó. Lórí fọ́ọ̀mù bánkì kan, orúkọ àbúrò yìí ni olóògbé kọ síbi tí wọ́n ti béèrè next of kin, torí pé nígbà tó ṣí àkáǹtì náà, kò tíì láya. Àbúrò bá mú ẹ̀dà fọ́ọ̀mù náà lọ sí bánkì, ó lọ́kàn pé wọ́n máa ka owó lé òun lọ́wọ́. Bánkì ní rárá, wọ́n ní kó lọ mú ìwé àṣẹ wá láti ilé ẹjọ́ gíga. Ó bínú. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun mọ ìdí tó fi kọ orúkọ òun.

Ìbànújẹ́ ńlá ni pé ọ̀pọ̀ ẹbí ló ti túká lórí ìlà kan ṣoṣo yìí nínú fọ́ọ̀mù. Ẹni tí a kọ síbẹ̀ ni wọ́n máa wá bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ síni. Kò sọ ọ́ di ajogún, kò sì fún un láṣẹ láti pín ohunkóhun. Ẹni tó bá fẹ́ kí àbúrò òun jogún òun, kó kọ ọ́ sínú ìwé ìhágún, kó buwọ́ lù ú lójú ẹlẹ́rìí méjì.

Àbúrò tún ní ẹjọ́ mìíràn, ẹjọ́ yìí sì lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù ti àkọ́kọ́ lọ. Òun ló yá owó tí wọ́n fi sìnkú. Òfin gbà pé ìnáwó ìsìnkú tó mọ níwọ̀n ni kí wọ́n kọ́kọ́ yọ nínú ogún, kí wọ́n tó san gbèsè mìíràn, kí wọ́n tó pín ohunkóhun. Ibi tí ìwọ̀n dé ni ìjà wà. Àkọsílẹ̀ tó mú wá ní pósí, mọ́ṣúárì, ọkọ̀ òkú àti ibojì nínú. Ó tún ní màlúù, àwọn onílù àti aṣọ ẹbí tí òun pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ wọ̀. Wọ́n san ti pósí, mọ́ṣúárì, ọkọ̀ àti ibojì fún un pátá nígbà tó yá. Wọ́n san ti oúnjẹ tí wọ́n fi ṣàlejò ìyekan dé ìwọ̀n. Aṣọ ẹbí àti onílù, wọ́n ní kó gbà á bí ọrẹ tó fi yẹ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sí. Mo rò pé ìpinnu yẹn tọ́. Bí wọ́n bá ti san gbogbo rẹ̀, owó ilé ìwé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni wọn ì bá fi san owó onílù.

Ní próbéètì

Àwọn ọmọ ìyálé lọ sí ẹ̀ka próbéètì ilé ẹjọ́ gíga ní ọ̀nà Kóbapẹ́ láti gba ìwé àṣẹ ìbójútó ogún. Ìwé tí wọ́n ń béèrè níbẹ̀ kì í ṣe kékeré: ìwé ẹ̀rí ikú láti ọ̀dọ̀ àjọ ìkànìyàn, fọ́tò pélébé, fọ́ọ̀mù tí bánkì máa kọ iye tó wà nínú àkáǹtì sí, àkọsílẹ̀ gbogbo dúkìá, ìwé ìbúra, àti onídùúró méjì tó máa fi dúkìá tiwọn dúró fún àwọn alábòójútó. Lẹ́yìn èyí, ìkéde máa jáde nínú ìwé ìròyìn, kí ẹni tó bá ní ohun tó fẹ́ sọ lè sọ ọ́ láàárín ọjọ́ 21. Owó orí ogún náà wà níbẹ̀, wọ́n ń ṣírò rẹ̀ lórí iye ohun tí olóògbé fi sílẹ̀.

Kí ọjọ́ 21 tó pé, ìwé ìdènà méjì, tó ní kí wọ́n má tíì fún wọn ní ìwé àṣẹ, ti wọlé. Àbúrò fi ọ̀kan sílẹ̀ torí owó ìsìnkú. Ìyàwó kékeré fi èkejì sílẹ̀, tirẹ̀ ló sì gba àkókò jù.

Obìnrin yìí ń ta àdìrẹ ní Ìtòkú. Nígbà tí àwọn ọmọ ìyálé ń kọ dúkìá bàbá wọn, wọ́n kọ ṣọ́ọ̀bù Ìtòkú àti ọjà inú rẹ̀ mọ́ ọn. Wọn ò purọ́. Wọ́n gbà lóòótọ́ pé bàbá àwọn ló fi owó dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n owó tí ọkọ fi ta aya lọ́rẹ láti fi ṣòwò ti di ti aya, ohun tó bá sì fi ọwọ́ ara rẹ̀ jèrè lórí rẹ̀ kì í ṣe ogún ẹnikẹ́ni níwọ̀n ìgbà tó wà láàyè. Lábẹ́ àṣà wa, aya kì í jogún ọkọ rẹ̀. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà tún fi ìdí èyí múlẹ̀ lọ́dún 1997 nínú ẹjọ́ Akinnubi. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí púpọ̀, mo sì retí ọjọ́ tí òfin máa yí i padà. Obìnrin tí kò ní gba kọ́bọ̀ nínú ogún ọkọ, ó burú jáì kí wọ́n tún gba èyí tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Nígbà tí wọ́n ní kó mú ẹ̀rí wá, ó gbé agolo Bournvita kan dé, ó sì dà á sórí tábìlì. Rìsíìtì owó ṣọ́ọ̀bù ló kún inú rẹ̀, ọdún lé ọdún, orúkọ tirẹ̀ ló wà lórí wọn. Aró ti kun etí àwọn mìíràn nínú wọn débi pé ó di kí wọ́n gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí wọ́n tó lè kà á. Rìsíìtì aṣọ funfun tó rà wà níbẹ̀, ti kọ́sítíìkì tí wọ́n ń dà sínú aró náà wà níbẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan láti ọjà Ìtòkú tẹ̀lé e wá, ó jẹ́rìí pé ojú òun ni obìnrin náà ṣe ń rẹ aṣọ kó tó bí àkọ́bí rẹ̀. Wọ́n yọ ṣọ́ọ̀bù náà kúrò nínú àkọsílẹ̀.

Ìdí igi tàbí orí-ò-jorí

Ọ̀rọ̀ tó kù wá di ti ìpín, ilé ẹbí ní Aké sì ni wọ́n ti sọ ọ́. Àwa tí ọ̀ràn ọmọdé wà lọ́wọ́ wa lọ síbẹ̀, torí nígbà tí próbéètì rí i pé ọmọ méjì tí kò tíì pé ọdún 18 wà nínú ọ̀rọ̀ náà, tí ìyá wọn àti àwọn ẹ̀gbọ́n wọn ò sì gbọ́ra wọn yé, wọ́n ké sí ọ́fíìsì wa, Public Trustee, tó ń bójú tó ogún ọmọdé, kó wá dúró fún wọn. Òfin ò tiẹ̀ gbà kí ẹnì kan ṣoṣo máa bójú tó ogún tí ọmọdé bá ní ìpín nínú rẹ̀, àfi bó bá jẹ́ irú ọ́fíìsì bẹ́ẹ̀. Ènìyàn gbọ́dọ̀ tó méjì ó kéré tán, wọn kò sì gbọdọ̀ ju mẹ́rin lọ.

Dáwódù, ìyẹn ọmọkùnrin ìyálé tó dàgbà jù, ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún àwọn àgbà, ó ní: “Ẹ̀yin bàbá wa, ọmọ kan náà ni gbogbo wa lójú bàbá wa. Ẹ jẹ́ ká pín in lórí-ò-jorí, kí ẹnikẹ́ni má jù ẹnikẹ́ni lọ.”

Ọ̀rọ̀ náà dùn létí. Àmọ́ ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Ọmọ márùn-ún ni wọ́n. Bí wọ́n bá pín in lórí-ò-jorí, kálukú máa mú ìdá kan nínú márùn-ún, ọmọ ìyálé mẹ́ta máa kó mẹ́ta lọ, ọmọ ìyàwó kékeré máa kó méjì. Bí wọ́n bá pín in ní ìdí igi, ogún máa kọ́kọ́ pín sí méjì, torí ìyàwó méjì ni bàbá fẹ́. Ìdajì ìyálé máa pín sí mẹ́ta, kálukú a mú ìdá kan nínú mẹ́fà. Ìdajì ìyàwó kékeré máa pín sí méjì, kálukú a mú ìdá kan nínú mẹ́rin. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì tó owó ilé ìwé ọdún púpọ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí ti dé ilé ẹjọ́ rí. Lọ́dún 1940, bàbá kan tó ń jẹ́ Súbérù Dáwódù kú ní Èkó láìkọ ìwé ìhágún, ó fi ìyàwó mẹ́rin àti ọmọ mẹ́sàn-án sílẹ̀. Adájọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́ ẹjọ́ àwọn ọmọ náà fara mọ́ orí-ò-jorí, ó ní òun ló bá ìgbà mu. Ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà yí i padà ní 1958, Privy Council ní Lọ́ńdọ̀nù, níbi tí ẹjọ́ Nàìjíríà ń parí sí láyé ìgbà yẹn, sì fara mọ́ èyí ní 1962: ìdí igi ni àṣà Yorùbá. Bí ìjà bá wà láàárín àwọn ọmọ lórí ìpín ni olórí ẹbí tó lè sọ pé kí wọ́n pín in lórí-ò-jorí, ìpinnu rẹ̀ a sì dúró.

Ibẹ̀ gan-an ni wàhálà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Aké. Dáwódù ni olórí àwọn ọmọ, òun náà ló sì máa jèrè bí wọ́n bá yan orí-ò-jorí. Ọ̀gá wa obìnrin tó kó wa lọ kúnlẹ̀ kó tó fèsì. Ó ní: “Ẹ má bínú sí mi, ẹ̀yin bàbá. Ká ní tèmi ni, mo lè yọ̀ǹda rẹ̀ kí àlàáfíà lè wà. Ti ọmọdé ni. Mi ò láṣẹ láti fi ohun ọmọdé ta ẹnikẹ́ni lọ́rẹ.”

Bàbá tó dàgbà jù nínú ẹbí náà ò tíì sọ nǹkan kan látàárọ̀. Ó ní ìdí igi ni wọ́n fi pín ti bàbá tòun nínú ilé yẹn, wọn ò jà, wọn ò lọ sí kóòtù. Ó yíjú sí dáwódù: “Ìwọ tí o jẹ́ dáwódù, wọn ò fi oyè yẹn dá ọ lọ́lá kí ìpín rẹ lè pọ̀. Wọ́n fi dè ọ́ mọ́ àwọn tó kéré sí ọ ni.” Dáwódù dákẹ́ pẹ́ títí, ó ní òun ti gbọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un lọ́jọ́ yẹn. Ó ṣòro fún ẹni tó ti láya, tó ti bímọ, láti gba ìdá kan nínú mẹ́fà lójú àbúrò tó ń gba ìdá kan nínú mẹ́rin.

Ìwé àṣẹ jáde lọ́dún 2017, lórúkọ dáwódù, àbúrò rẹ̀ obìnrin tí wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá, àti Public Trustee fún àwọn ọmọdé. Wọ́n san gbèsè alájẹṣẹ́kù àti owó ìsìnkú. Wọ́n pín owó. Wọn ò ta ilé. Owó ilé ni wọ́n ń pín ní ìdí igi.

Iṣẹ́ ọdọọdún

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé iṣẹ́ ti parí nígbà tí ìwé àṣẹ bá ti jáde. Ìgbà yẹn gan-an ló bẹ̀rẹ̀. Ìlànà ilé ẹjọ́ gíga ní kí alábòójútó ogún máa mú ìṣirò wá ní oṣù méjìlá méjìlá títí iṣẹ́ náà á fi parí. Lọ́wọ́ àwọn ẹbí tí kò sí ọmọdé láàárín wọn, òfin yìí ti di ohun tí wọn kì í rántí mọ́. Lọ́fíìsì wa, òun ló ń darí ọdún.

Oṣù kìíní ni à ń gba sítétìmẹ́ǹtì láti bánkì, tí à ń fi í wé ìwé wa ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Ọmọ kọ̀ọ̀kan ló ní ojú ìwé tirẹ̀, a kì í da owó ẹ̀gbọ́n pọ̀ mọ́ ti àbúrò kódà bí ìyá kan náà bá bí wọn, torí ọjọ́ tí ẹ̀gbọ́n máa gba tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti àbúrò. Nínú oṣù kejì, a ń pe àwọn alábòójútó àti ìyá ọmọ, a sì ń ka ìṣirò ọdún tó kọjá sétí wọn. Kí òjò tó bẹ̀rẹ̀, ẹnì kan nínú wa ń lọ wo ilé, páànù, sókíwèé, ògiri ẹ̀yìn. Lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún ni owó ilé ìwé ń jáde. Ìyá ọmọ máa mú bíìlì wá láti ilé ìwé, àkáǹtì ilé ìwé ni a sì ń san án sí tààrà. Ti ìwé, aṣọ ilé ìwé àti oògùn, ó máa fi rìsíìtì gbà á padà. Àwọn ìyá kan ń bínú sí èyí, wọ́n ní bí ẹni tó fẹ́ jalè la ṣe ń ṣe àwọn. Mo mọ̀ ọ́n lára. Ṣùgbọ́n rìsíìtì yẹn ló ń gba ìyá sílẹ̀ lọ́jọ́ tí ọmọ bá dàgbà, tí ìyekan bá sọ fún un pé ìyá rẹ ti jẹ owó rẹ.

Nínú ọdún náà, a gbọ́dọ̀ rí ọmọ fúnra rẹ̀. Kì í ṣe lẹ́tà, kì í ṣe fọ́tò. Ọmọ á wá, á jókòó, a ó bi í kíláàsì tó wà, ibi tó ń sùn, ẹni tó ń wẹ aṣọ rẹ̀. Ọdún tí ọmọkùnrin ilé yìí pé 11, ó dé ọ́fíìsì pẹ̀lú bàtà tí ọmọńdinrín ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ lára rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ò béèrè owó bàtà rí, ojú ń tì í láti béèrè. Ọjọ́ yẹn la kọ bàtà sínú ohun tí wọ́n á máa san fún un lọ́dọọdún. Owó tirẹ̀ ni, bàbá rẹ̀ ló fi sílẹ̀ fún un.

Ti ìdókòwò náà wà níbẹ̀. Òfin ìdókòwò àwọn alábòójútó ti ọdún 1957 kò gbà ká fi owó ọmọdé ṣe ohun tó wù wá. Ìwé gbèsè ìjọba àti àwọn ohun díẹ̀ mìíràn ló là sílẹ̀. Lọ́dún 2017, tírẹ́ṣọ̀ bíìlì ọlọ́dún kan, ọ̀kan lára ìwé gbèsè ìjọba yìí, ń mú èrè tó lé ní ìdá 17 nínú ọgọ́rùn-ún wá, inú wa dùn. Nígbà tí ọdún 2020 fi ń parí lọ, èrè rẹ̀ kò tó ìdá 2. Owó náà ò sọnù o, ṣùgbọ́n ìrẹsì ń wọ́n sí i, owó ilé ìwé ń lọ sókè.

Ṣọ́ọ̀bù kejì

Oṣù kejì ọdún 2020 la ka ìṣirò ọdún 2019. Dáwódù ló ń gba owó ilé, ó sì kọ ọ́ dáadáa: yàrá yìí, ayálégbé yìí, iye yìí. Ó kọ ṣọ́ọ̀bù kan. Ìyàwó kékeré tẹ́tí sílẹ̀ títí wọ́n fi kà á tán, ó wá rọra ní: “Bọ̀dá mi, ẹ má bínú. Ṣọ́ọ̀bù tí onígbàjámọ̀ wà ńkọ́?”

Inú ilé náà ló bá dáwódù nígbà tí wọ́n gbé e níyàwó, nítorí náà ọkọ ló jẹ́ lójú rẹ̀, ẹ̀yin ló sì ń pè é. Kò pariwo. Dáwódù ò tètè fèsì. Ìwé wa ní ṣọ́ọ̀bù kejì ṣófo láti ọdún tó ṣáájú. Nígbà tó máa sọ̀rọ̀, ó ní òun ti fi í fún onígbàjámọ̀ láti oṣù karùn-ún, òun sì ti gba owó ọdún kan. Ó ní páànù yàrá ẹ̀yìn ń jò, owó náà lòun fi tún un ṣe. Ìyókù, ó fi ra oògùn fún ìyá rẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ ríru ń dà láàmú.

A ní kó mú rìsíìtì páànù wá. Ó mú un wá, a sì lọ wo páànù, tuntun ni lóòótọ́. A yọ ìyẹn kúrò nínú owó ilé torí gbogbo wọn ni ilé wà fún. Ti oògùn kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyálé jókòó síbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́: “Ẹ kọ ọ́ sí ọrùn ọmọ mi. Mi ò fẹ́ kí oògùn tí mo lò di ọ̀rọ̀ lẹ́nu àwọn ọmọ ìyàwó mi lọ́jọ́ iwájú.” A kọ ọ́ bẹ́ẹ̀, a sì ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀ nínú ìdá kan nínú mẹ́fà rẹ̀ títí ó fi tán.

Mo ń ro ọ̀rọ̀ yẹn léraléra. Ká ní ọdún méje ni wọ́n fi ń gba owó ṣọ́ọ̀bù náà kí ẹnikẹ́ni tó béèrè, kò ní sí rìsíìtì, kò ní sí ẹni tó máa rántí páànù, ohun tí àwọn ọmọ ìyàwó kékeré á sì gbọ́ ni pé ẹ̀gbọ́n àwọn jí owó àwọn. Ọ̀rọ̀ ọdún kan ni, kò tíì le ju ohun tí ẹnu lè túnṣe lọ. Dáwódù kò tún fi ṣọ́ọ̀bù kankan sílẹ̀ láìkọ mọ́, ìyàwó kékeré náà ò sì fi í ṣe yẹ̀yẹ́ rí.

Kò pẹ́ sí i ni Kòrónà dé. Ní oṣù kẹrin, Ògùn wà ní títì, ayálégbé méjì ò rí owó san. Lọ́dún 2021, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ẹjọ́ jákèjádò Nàìjíríà daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kẹrin di oṣù kẹfà, a ò rí ibi fi ìṣirò sílẹ̀ sí. A ṣì kà á fún ẹbí náà, a sì fi í ránṣẹ́ nígbà tí kóòtù ṣílẹ̀kùn.

Nígbà tí wọ́n pé 18

Ọmọbìnrin náà pé ọdún 18 lọ́dún 2022. Ó ti wọlé sí yunifásítì, àmọ́ àwọn olùkọ́ ti daṣẹ́ sílẹ̀ láti oṣù kejì, oṣù kẹwàá ni wọ́n sì tó padà. Ó dé ọ́fíìsì pẹ̀lú ìwé ìbí rẹ̀ àti káàdì ìdánimọ̀, ó ní òun fẹ́ gba owó òun, òun fẹ́ máa rẹ àdìrẹ pẹ̀lú ìyá òun títí ilé ìwé á fi wọlé. Ẹ̀rù ba àwọn kan nínú wa. Ọmọ ọdún 18 tó rí owó gọbọi lẹ́ẹ̀kan! Ṣùgbọ́n kò sí òfin tó ní ká dá a dúró. A fi ojú ìwé rẹ̀ hàn án láti ìlà àkọ́kọ́: owó ilé ìwé, oògùn ibà, èrè tírẹ́ṣọ̀ bíìlì, owó iṣẹ́ tí ọ́fíìsì yọ gẹ́gẹ́ bí òfin ṣe là á sílẹ̀. Ó kà á tán pátá. Ó béèrè ohun méjì, a dá a lóhùn. Ó gba apá kan láti fi ra aṣọ funfun àti aró, ó sì ní ká gbé ìyókù sí àkáǹtì tó ṣí lórúkọ ara rẹ̀, kó lè fi parí ilé ìwé.

Àbúrò rẹ̀ ló wá jìyà àkókò. Lẹ́yìn tí wọ́n tú owó náírà sílẹ̀ ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ohun tó wà lójú ìwé rẹ̀ kò lè ra ohun tó ń rà tẹ́lẹ̀. A gbìyànjú, a ń gbé e sínú tírẹ́ṣọ̀ bíìlì bí èrè rẹ̀ ṣe tún ń gòkè, ṣùgbọ́n kò bá ọjà dọ́gba. Mo rò pé ó yẹ kí òfin ọdún 1957 yẹn gbòòrò ju bó ṣe wà lọ. Owó tó máa wà nílẹ̀ fún ọdún mẹ́sàn-án kò yẹ kó dúró sójú kan bí ẹni tó ń retí ọ̀la. Ìpín rẹ̀ nínú ilé ló gbà á sílẹ̀, torí owó ilé ń lọ sókè bí ọjà ṣe ń lọ sókè. Ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ ta ilé olóògbé kí ẹ lè pín owó rẹ̀ kíá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ kọ́kọ́ wo ọjọ́ orí ọmọ tó kéré jù níbẹ̀.

Òun náà pé 18 lọ́dún 2025. Àwọn márààrún ló wá lọ́jọ́ tó gba tirẹ̀, àti ìyá méjèèjì. A ka ìṣirò ìkẹyìn, ó buwọ́ lù ú, Public Trustee sì bọ́ sílẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ogún náà. Ilẹ̀ Ọ̀dẹ̀dá ṣì wà nílẹ̀ láìní ìwé tó yè kooro. Wọ́n ti ní kí sọ̀fẹ́yọ̀ lọ wọ̀n ọ́n kí wọ́n tó mọ ohun tí wọ́n máa fi ṣe. Nípa ilé Ìdí-Abà, wọ́n fohùn ṣọ̀kan pé wọn ò ní tà á, dáwódù ló ṣì máa máa gba owó ilé, ọmọbìnrin tó ń rẹ àdìrẹ ló máa máa kọ ìwé, oṣù kìíní ọdọọdún ni wọ́n á sì máa kà á sétí gbogbo wọn.